Olùkọ́ Tí Ó Fẹ́ràn Eré Orí Ìtàgé

Ọ̀rọ̀ wa jẹ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ń bẹ láàrin wa, tí wọ́n fẹ́ràn eré orí ìtàgé, tí àwọn òbí wọn sì ń wí fún wọn pé kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó bá ọ̀ràn yìí mu.

Ní Ọ̀tà ọmọ Ìgànmọ̀dé, eré ti ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ kí ilé-ìwé tó dé. Bí a kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà, a mọ̀ pé ní òru Ẹ̀fẹ̀, orin ni a fi ń bá ọ̀kánjúwà àti òpùrọ́ wí lójú gbogbo ìlú. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun iyebíye gbogbo ayé.

Nígbà tí ilé-ìwé sì dé, láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ni aṣáájú eré Yorùbá ti jáde. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, ti ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní 1944 ni ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Glover Memorial Hall, ní Èkó. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tán, ní 1962, kò tijú láti tún di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ti Dúró Ládípọ̀ ni ó yẹ kí àwa ìjọ ronú sí jù lọ. Ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni, olùkọ́ sì ni. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìlù náà kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní oṣù Kẹta, 1962, a ṣí Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So. Ní 1964 ó gbé e dé Berlin. Ayé jèrè. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ìjọ pàdánù. Lónìí, ìlù tí a kọ̀ fún un ń dún nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn wa.

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀. Òbí mìíràn ń jáde lọ sí iṣẹ́ òru nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ti ilé-ìwé bọ̀. Èdè púpọ̀ ni ó pàdé ní kíláàsì kan. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti kàwé sókè, bí a bá fi í ṣe ọba nínú eré, ohùn rẹ̀ yóò là, yóò sì mọ bí a ti ń kí àgbà ní èdè Yorùbá tí ó gún.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jí wákàtí ìṣirò fún ìdánrawò eré. Ẹni tí kò múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti gun orí ìtàgé. Ẹ lo ìrọ̀lẹ́ àti ìsinmi. Bí ọjọ́ bá sì dé tí iṣẹ́ méjèèjì kò gba ara wọn mọ́, ẹ fi èyí tí ẹ kò lè ṣe dáradára sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pe eré ní ìwà ọ̀lẹ. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ ṣí gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́, kí ìran tí ń bọ̀ má baà lọ wá àyè sí ìta bí Ládípọ̀ ti wá a. Kí Ọlọ́run tí ó fún wa ní ohùn àti ọgbọ́n bùkún ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.