Kí Olùkọ́ Tó Fi Ṣọ́ọ̀kì Sílẹ̀: Ìfẹ̀yìntì Àìtọ́jọ́ ní Gánà

 

Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan. Olùkọ́ tó wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta, tó ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní dúró di ọgọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun gan-an ni mo ń bá wí. Òfin fún un láyè. Ìwé òfin Gánà ti ọdún 1992, ní abala 199, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì ní ọmọ 60 ọdún, ó sì lè fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn tì láti ọmọ 45. Ṣùgbọ́n àyè lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò iye tí àyè yìí máa ń ná ènìyàn.

Nínú 100 sídì owó oṣù ìpìlẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń san 13, òṣìṣẹ́ ń san 5.50. SSNIT, àjọ ìfẹ̀yìntì ìjọba, ń gba 13.50 nínú àpapọ̀ wọn, ó sì ń fa 2.50 yọ fún ètò ìlera ìjọba. Sídì márùn-ún tó kù ń lọ sí ìpele kejì lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú owó aládàáni. Ti àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ Ghana Education Service ni GESOPS. Ìpele kìíní, ti SSNIT, ló ń san owó oṣooṣù títí di ọjọ́ ikú. Ìpele kejì ń san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti san fún oṣù 180, ìyẹn ọdún 15, ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n fi ń ṣe àròpín. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 15 ń fi ìdá 1.125 kún un, títí yóò fi dé ìdá 60. Ẹ wá wo olùkọ́ kan tó wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún 25, tí àròpín owó rẹ̀ jẹ́ 4,000 sídì lóṣù. Bí ó bá dúró di 60, yóò máa gba 2,400. Bí ó bá lọ ní 55, ọdún 30 ló lò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì di 2,175. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ì bá sàn. Òfin tún ní kí wọ́n san ìdá 60 péré nínú ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹni tó lọ ní 55, ìdá 67.5 fún ẹni 56, 75 fún ẹni 57, 82.5 fún ẹni 58, àti 90 fún ẹni 59. Èyí tó máa tẹ olùkọ́ wa lọ́wọ́ ni 1,305 sídì. Ìdínkù náà kò sì ní kúrò lára owó yẹn nígbà tó bá pé 60. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bá a lọ títí ayé rẹ̀.

Bí olùkọ́ kan náà bá lè fara dà á di 58, kódà bí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà, nǹkan bíi 1,905 sídì ni yóò máa gbà. Ọdún mẹ́ta péré fi 600 sídì kún un lóṣooṣù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sì ní owó mìíràn níbi kankan, kò yẹ kó lọ ní 55. Ní ti ẹni tó bá lọ ní 45, kò ní rí sídì kan lọ́wọ́ SSNIT fún ọdún mẹ́wàá gbáko, títí yóò fi pé 55.

Ẹni tí àìsàn ń lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí jù, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ̀wé ìfẹ̀yìntì àìtọ́jọ́ láìmọ̀ pé òfin ní ẹ̀tọ́ mìíràn fún aláìlera. Bí ó bá ti san ó kéré tán oṣù 12 nínú oṣù 36 tó kẹ́yìn, tí àwọn dókítà sì jẹ́rìí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé, owó aláìlera ló yẹ kó béèrè. Kí ẹ tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ bá a dé ọ́fíìsì SSNIT.

Báwo ni a ṣe dé ibi ìṣírò yìí? Nígbà ayé òyìnbó, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lábẹ́ òfin CAP 30 kì í dá kọ́bọ̀. Ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀. Òfin 1965 dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀, wọ́n dá SSNIT sílẹ̀ ní 1972, òfin 1991 sì sọ àpò náà di owó oṣooṣù. Nígbà tí àwọn olùkọ́ rí i pé ohun tí àwọn ẹni CAP 30 ń gbà ju tiwọn lọ fíìfíì, ariwo sọ. Ní 2004 Ààrẹ Kufuor gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ó sì fi T. A. Bediako, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà GNAT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ṣe alága rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ló bí òfin 766 ti 2008, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2010. Olùkọ́ ló darí àtúnṣe yìí. Mo ń rán yín létí nítorí àwọn tó ń sọ pé ohùn olùkọ́ kì í dé ibi kankan.

Àwọn kan wà tí àtúnṣe yìí kò lè dá ọdún wọn padà fún. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí àwọn tíṣà ará Gánà tó kún ilé ìwé ilẹ̀ Yorùbá láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí di 1983 tí ìjọba Nàìjíríà lé ọ̀pọ̀ ará Gánà. Oṣù tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣírò kò sí nínú ìwé SSNIT.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni owó oṣù ìpìlẹ̀ yìí. Àwa olùkọ́ yunifásítì ní owó ìwé àti ìwádìí àti oríṣiríṣi owó àjẹmọ́nú. Gbogbo wọn là ń ná, a fi ń san owó ilé ìwé ọmọ, a fi ń ra mọ́tò. Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ ìṣírò. Ìdá 60 tí ẹni tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ń gbà yẹn kì í ṣe ìdá 60 owó tí ilé rẹ ti mọ́ra. Nígbàkúùgbà tí UTAG, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, tàbí CETAG, ẹgbẹ́ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bá yan iṣẹ́ lódì, tí ìjọba sì fi àjẹmọ́nú tuntun pẹ̀tù sí wọn nínú, ìjọba ló jèrè. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí wọ́n gba díẹ̀ sórí owó ìpìlẹ̀ ju kí wọ́n gba púpọ̀ ní àjẹmọ́nú lọ.

Àwa kan tún gbójú lé àdéhùn lẹ́yìn 60. Òfin gbà pé kí wọ́n gba ènìyàn padà fún ọdún méjì méjì, kó má ju márùn-ún lọ lápapọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin 2012 fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní 70 ọdún, òfin 2022 sì gbé ti àwọn olùkọ́ ilé ìwé dé 65. Ní ìhín, ẹni tó gbà ọ́ lónìí lè má gbà ọ́ lọ́la. Má ṣe tìtorí rẹ̀ yá owó.

A kò sì gbọ́dọ̀ mú ojú kúrò lára owó wa. Ní oṣù kẹwàá 2014, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjìlá, GNAT àti NAGRAT, ẹgbẹ́ olùkọ́ mìíràn, nínú wọn, yan iṣẹ́ lódì lórí ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú owó ìpele kejì. Ní ìparí 2022, ìjọba tó wọ gbèsè fẹ́ fi bọ́ǹdì tuntun pààrọ̀ àwọn tó ti tà, pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dájọ́ ìyanṣẹ́lódì kí ìjọba tó yọ àpò náà sílẹ̀. Àwọn tó ti fi owó ìfẹ̀yìntì ra bọ́ǹdì fúnra wọn kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi lọ jókòó sí ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó ní oṣù kejì 2023. Adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀, Sophia Akuffo, jókòó pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2022 yẹn, ọ̀wọ́ngógó ti lé ní ìdá 54. Ẹni tó bá fẹ́ tètè sinmi, kó má kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ìwé ìjọba nìkan.

Ìpele kẹta, èyí tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn láti máa dá owó sí, ni ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù fún ẹni tó ń wo 55. Owó tó tó ìdá 16.5 owó oṣù lè wọ ibẹ̀ láìsan owó orí, ọdún mẹ́wàá sì ni kí o fi sílẹ̀ kí o tó lè gbà á láìsan owó orí. Ìdí nìyí tí mo fi pe ọmọ ogójì ọdún wá síbí: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 54 ti pẹ́.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tí ẹ ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni ní Accra, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Òfin kò yọ yín sílẹ̀: ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ san 13 tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn òpin oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtanràn ìdá 3 lóṣù ń gorí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń padà sílé pátápátá, SSNIT ní owó tí ó ń san fún àlejò tó ń fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kó ẹrù lọ láìbéèrè rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí oṣù yìí tó parí, ẹ gba àkọsílẹ̀ owó yín lọ́wọ́ SSNIT àti lọ́wọ́ olùtọ́jú ìpele kejì. Ẹ ka oṣù tó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bá ti Ghana Card mu, ẹ sì wo orúkọ àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ láti jogún, torí bí ẹni tó fẹ̀yìn tì bá kú kó tó pé 75, àwọn ni wọn yóò san èyí tó kù fún. Bí oṣù kan bá sọnù, ẹ mú ìwé ìsanwó oṣù náà lọ bá wọn nígbà tí ilé iṣẹ́ tó yẹ kó san án ṣì wà.