ÀDÉHÙN NI Í GBÉ KÁLÁMÙ RÓ
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba níwájú ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, ní Ìbàdàn

Mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ ìtàn àti eré nígbà tí ọ̀pọ̀ alákọ̀wé gbà pé ìwé àdúrà àti ìwé ABD nìkan ni ó yẹ kí a máa fi í kọ. Ẹ ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè sọ ìwé kíkọ di iṣẹ́ tí yóò bá a dọ́jọ́ alẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kò sì ní rẹ̀wẹ̀sì lójú ọ̀nà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí ẹ rán mi yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná nínú mi tipẹ́.

Ìtumọ̀ ní kúkúrú

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, nítorí ẹni tó bá jókòó sí gbọ̀ngàn yìí ti mọ ohun tí à ń wí. Òǹkọ̀wé ni ẹni tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀; iṣẹ́ ni ohun tí a ṣe lánàá, tí a ń ṣe lónìí, tí a óò sì tún ṣe lọ́la, ìbáà wù wá, ìbáà má wù wá. Ẹni tí èyí kò bá tó, kí ó bi mí lẹ́yìn ìjókòó. Ohun tí mo wá fi yé yín kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: àdéhùn ni í gbé òǹkọ̀wé ró, àdéhùn pẹ̀lú etí tó ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá, ẹni tó bá sì ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìmísí a máa wá bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Àríyànjiyàn àtijọ́

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ni mo ti ń bá ọ̀wọ́ ènìyàn méjì fa ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì tíì jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni àwọn tí wọ́n ní ìmísí ni gbogbo rẹ̀, pé nígbà tí ó bá dé, a kọ, nígbà tí kò bá dé, a ká ọwọ́ gbera. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tí wọ́n ní ẹni tó bá ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ìjọba ní òwúrọ̀, tí ó sì ń kọ ìwé ní alẹ́, aláwàdà ni. Wọ́n ní òǹkọ̀wé tòótọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó fi ara rẹ̀ jin ìwé kíkọ pátápátá, bí àwọn kan ti ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Parisi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀wọ́ kejì lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó ń ba ayé ọ̀dọ́ jẹ́ jù. Ta ni ó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ dídùn ní ilẹ̀ yìí kí ìwé tó dé? Àwọn oníjàálá ni, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá sì ṣe lórí ìjálá, tí ó di ìwé ní 1966, wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ọdẹ ni oníjàálá, àgbẹ̀ ni, alágbẹ̀dẹ sì ni ẹlòmíràn nínú wọn. Igbó tí ó ń dẹ ni ó fi mọ ìwà ẹfọ̀n àti ìwà ọ̀bọ, tí ó fi lè ki erin ní oríkì tí ẹni tó jókòó sílé kò lè kì í. Bí ẹ bá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè ráyè sun ìjálá, ìjálá náà ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Wọ́n á wá dá mi lóhùn pé, “Àwọn arókin ńkọ́? Àwọn akùnyùngbà ńkọ́? Ṣebí ààfin Aláàfin ni ó ń bọ́ wọn?” Òótọ́ ni, ààfin ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n ta ni ó tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn láti sọ fún Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, pé kí ó ní sùúrù nítorí pé orí òun kò tíì sí níbẹ̀? Nígbà tí ọba bá jáde, nígbà tí àlejò bá wọlé, nígbà tí ọdún bá kò, ohùn gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, àti ẹni tí oko rẹ̀ ń bọ́, àti ẹni tí ọba ń bọ́, àdéhùn ni wọ́n jọ ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dúró de ìmísí. Ibẹ̀ sì ni mo ti dá ọ̀wọ́ kìn-ín-ní náà lóhùn.

Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ óò sì fi orí jì mí bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọkàn mi jù lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa a máa ka *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a sì máa pa ìwé náà dé níbi tí ọ̀rọ̀ bá gbé dùn jù. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kò ní gbà kí wọ́n fi òun sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun tí etí tó ń dúró jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń dúró nígbà náà.

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, tí a bí ní Òkè-Igbó ní 1903, olùkọ́ni ni. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ó sì kọ́ni níbẹ̀ láti 1930 títí di 1939. Kì í ṣe pé ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó lè kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, *Ògbójú Ọdẹ* yìí kan náà. Nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, tí wọ́n sì dá ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn, ni olùkọ́ yìí, tí ó ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, jókòó ti tákàdá. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó ni ó gbé ìwé náà jáde ní 1938. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí a dá ni ó fa ìwé náà jáde, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká wá sọ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Àwọn alátakò mi a máa na ìka sí àlàfo tí ó wà láàárín ìwé yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e. *Igbó Olódùmarè* àti *Ìrèké Oníbùdó* kò jáde àfi ní 1949, ọdún mọ́kànlá gbáko; wọ́n ní iṣẹ́ olùkọ́ ni ó jẹ àwọn ọdún náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n tún àwọn ìwé náà kà. Ogun àgbáyé jà láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí; ọkùnrin náà kọ́ni ní Èkó, ó kọ́ni ní Bìní, ó sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 sí 1948. Ta ni ó kọ́ ọ ní ọ̀nà ìgbà bá òǹkàwé wí tí ẹni tí à ń bá wí kò fi ní bínú, bí kò ṣe kíláàsì? Níbo ni ó ti rí ìrìn-àjò tí ó kọ sínú *Ìrìnàjò*, bí kò ṣe ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ gbé e gbà? Nígbà tí *Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje* jáde ní 1954, tí *Àdììtú Olódùmarè* sì tẹ̀ lé e ní 1961, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ó bá Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀, láti 1959 ó sì di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann, ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó sì wà títí odò fi gbé e lọ ní agbègbè Bídà ní oṣù Kejìlá 1963. Olùkọ́, olóòtú, aṣojú atẹ̀wé: gbogbo iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni ó wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí Fágúnwà tọ̀, ọjà kan náà ni wọ́n já sí.

Ẹ tún wo inú *Ògbójú Ọdẹ* fúnra rẹ̀. Àkàrà-oògùn, ọdẹ arúgbó, ni ó wá bá akọ̀wé, tí ó ní kí ó mú kálámù àti tákàdá, kí ó sì máa kọ ọ́ bí òun bá ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó sọ ọ́ dé ibì kan, ó kọrí sílé, ó ní òun ń padà bọ̀. Nígbà tí yóò fi dé lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n ti péjọ. Bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i. Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ lórí àwọn iwin àti ẹbọra inú ìwé yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé wọn kì í pẹ́ lórí akọ̀wé tó jókòó jẹ́ẹ́ yẹn. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé ó rẹ òun. Arúgbó ń bọ̀, èrò ti pé, kálámù sì gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́. Ní tèmi, ibẹ̀ ni Fágúnwà ti sọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé.

Àwọn mìíràn

Àkókò ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré díẹ̀. Isaac Thomas, olóòtú *Akéde Èkó*, kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá ní lẹ́tà lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ láti 1929 wọ 1930, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìwé ìròyìn tí ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó fa ìtàn náà dé òpin. J. F. Ọdúnjọ, olùkọ́ni, kọ *Aláwìíyé* nítorí àwọn ọmọ tí ó rí níwájú rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, eré náà kò sì di ìwé títẹ̀ títí di 1970. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, Lápàdé, jáde nínú *Àjà Ló Lẹrù* ní 1969, ó sì tún gbé e padà wá nínú *Àgbàlagbà Akàn* ní 1971. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka àwọn wọ̀nyí. Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ kí a ka tiwọn, wọn kò sì ka ti ẹnikẹ́ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, tí ó ní òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó gbé lé òǹkàwé lọ́rùn yẹn.

Owó àti ìwé àdéhùn

Ní ti owó, ìpín òǹkọ̀wé kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìwé lọ, ìwé Yorùbá tí kò bá sì sí lára ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò kì í yá ní títà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe fi iṣẹ́ oòjọ́ sílẹ̀; ẹ wá iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe kíláàsì, ilé iṣẹ́ rédíò, ìwé ìròyìn tàbí iṣẹ́ ògbufọ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìlà ìkẹyìn kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ilé ìtẹ̀wé kan, tí n kò ní dárúkọ, ta ìwé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣírò kọ́bọ̀ kan fún mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣe yín.

Sùúrù

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù mọ́ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ẹni tó bá ní ìwé òun pẹ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí ó rántí èyí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín

Alága ti ń wo aago, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́ yìí. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ máa péjọ, kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú ojú-ìwé tuntun wá, kí ó kà á sókè. Ẹni tí kò bá mú nǹkan kan wá, kí ó jókòó gbọ́ ti ẹlòmíràn, kí ó sì sọ lójú gbogbo yín ọjọ́ tí tirẹ̀ yóò dé. Bí ẹ bá ṣe é fún ọdún kan láìyẹ̀, àwọn tí yóò jẹ́ òǹkọ̀wé nínú yín yóò ti fojú hàn, wọn kò sì tún ní wá ẹni tí yóò máa gbà wọ́n níyànjú. Èmi fúnra mi yóò wá jókòó gbọ́, bí Èdùmàrè bá dá ẹ̀mí sí.