A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Máa Yẹ Ètò Ìjọba Ìbílẹ̀ Wò?



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ lónìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tí a ń gbé kalẹ̀ láti yẹ ètò ìjọba ìbílẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ ìgbìmọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ńṣe ni àwọn mìíràn máa ń yán. A kò tíì ṣe aláìní ìgbìmọ̀ rí. Ìwé àbọ̀ wọn ni ó kún inú àpótí tí eruku sì bò ó. Nítorí náà, n kò wá bi yín bóyá a nílò ìgbìmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé: àwọn ta ni ó ń jókòó nínú rẹ̀? Ta ni ó yàn wọ́n? Ta ni wọ́n sì ń jábọ̀ fún?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìjọba tí ó sún mọ́ ènìyàn jù. Ìwé òfin ìlànà ìjọba ti ọdún 1999 fi àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọjà tirẹ̀ ni, ibùdókọ̀ tirẹ̀ ni, itẹ́ òkú pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí a bí ọmọ títí di ọjọ́ tí a sin àgbàlagbà, káńsù kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pinnu irú káńsù tí yóò wà, ibi tí ààlà rẹ̀ yóò gbà, àti ìlú tí ibùjókòó rẹ̀ yóò wà, àwọn tí kò ní ná ọjà náà láéláé ni wọ́n máa ń pè jọ.

Ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn wò díẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1952 ni ó gba agbára lọ́wọ́ ètò àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba ṣèjọba, tí ó sì gbé e fún káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdùnnú ńlá ni ó jẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ọdún 20 tó pé, àwọn tí a torí wọn gbé káńsù kalẹ̀ ti ń fi ìbọn ṣakaburú kojú rẹ̀.

Ní òpin ọdún 1968, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ti dìde ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú mìíràn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ń ṣe olórí rẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá ṣe alága fún. Rògbòdìyàn ni wọ́n rán wọn láti wádìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ ìjọba àti káńsù ni ó ń jáde: owó orí tí ó wọni lọ́rùn, àwọn agbowó-orí tí ń lé ènìyàn wọ inú igbó, àwọn wọlé-wọlé tí ń fòòró aráyé, owó kòkó tí kò tó nǹkan, ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi ọkàn sí kókó kan níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọn kò wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n padà sí oko, wọ́n sì ń retí ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò pinnu.

Àbọ̀ ìwádìí náà jáde, ìjà kò sì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1969 ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ jókòó pẹ̀lú Táfá Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n fi ẹnu kò, tí owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́ùn 2, ni ilẹ̀ tó rọ̀. Ohun tí ó parí ìjà ni pé a bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àtúntò ọdún 1976 ni gbogbo wa mọ̀ jù. Ìjọba ológun sọ ètò ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín 150,000 sí 800,000, iye wọn sì jẹ́ 301. Nígbà tí àwọn olóṣèlú dé ní ọdún 1979, gómìnà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí dá tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń gbin ẹ̀fọ́. Àwọn ológun padà dé, wọ́n fagi lé àwọn tuntun wọ̀nyí, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 1984 tí Alhaji Ibrahim Dasuki ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kì í ṣe bí a ṣe to ìjọba ìbílẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ bí kò ṣe ìwà àwọn tí ń ṣe é. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n óò sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbà á lálejò kò fetí sí i. Ní ọdún 1989 iye náà di 449, ní 1991 ó di 589, ní 1996 ó di 774. Ẹnu ológun ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, lórí rédíò. Aago mélòó ni a ó gbọ́ orúkọ ìlú wa? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń jókòó ti ẹ̀rọ náà.

Ohun tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ bí kò ṣòro láti rí. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí a kà ní Ìpínlẹ̀ Kano lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9.4, ti Èkó sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9.1. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ni Kano ní; 20 ni ti Èkó. N kò bá àwọn ará Kano jà, àwọn kọ́ ni wọ́n pín in. Àmọ́ ìnira tí ó wà nínú àìdọ́gba kéré sí èyí tí ó wà nínú ibùjókòó. Ní ọdún 1996 ni wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ibùjókòó rẹ̀ síbí, wọ́n tún gbé e sọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ jókòó kí ó tó ṣe é. Ní ọdún 1997 ogun bẹ́ sílẹ̀, kò sì rọlẹ̀ títí ó fi wọ ọdún 2000. Aáwọ̀ àárín wọn ti pẹ́ ju ìjọba ìbílẹ̀ lọ, a kò lè sọ pé ìwé kan láti Àbújá ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà ni ó ṣáná sí i. Ní ọdún 1997 yẹn kan náà ni Warri gbaná, nítorí pé wọ́n gbé ibùjókòó káńsù kan kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀ kò sin òkú kankan.

Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà. Ìlú olókè, ìlú adáranjẹ̀; àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ní ìkànìyàn 2020 kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Alimọ́ṣọ́ nìkan ní Èkó jù wọ́n lọ ní ọdún 2006, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a da ètò wọn kọ bí ó ti rí. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin ìlànà ìjọba wọn ní ọdún 1972, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò. Ní ọdún 1978 wọ́n tún un ṣe: láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 10, wọ́n gbọ́dọ̀ bi àwọn olùdìbò bóyá wọ́n fẹ́ kí a yẹ ìjọba àdúgbò wọn wò. Wọ́n ti bi wọ́n ní 1984, ní 1994, ní 2004, ní 2014, àti ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gómìnà ni ó ń ronú pé ó tó àkókò. Kàlẹ́ńdà ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ olùdìbò bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn óò tún dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà láàárín ara wọn. Iye wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Wọn kì í fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú dú ipò náà, ẹni tí a dìbò yàn sí ipò nínú ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé iye owó tí ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ ná kọjá ti wà lórí ìwé ìdìbò kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbìmọ̀ yóò ṣèpàdé ní gbangba, yóò gbọ́ tẹnu ará ìlú, yóò kọ àbọ̀. Bí ó bá sì dábàá àyípadà, kì í gbé àbá náà fún gómìnà. Ará ìlú ni yóò tún dìbò lé e lórí. Báyìí ni ìlú Butte àti àgbègbè Silver Bow tí ó yí i ká ṣe pinnu ní ọdún 1976 pé ìjọba kan ṣoṣo ló tó àwọn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn olùdìbò ibẹ̀ máa ń kọ àbá ìgbìmọ̀ tí àwọn fúnra wọn yàn. Àwọn kan ka èyí sí òfò. Lójú tèmi, ẹni tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀tún àti ti òsì, tí ó sì ní kí ilé òun máa wà bí ó ti wà, yàtọ̀ sí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wá wo ilé òun.

A lè ní òfin tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin náà gba díẹ̀, ó sì di ọ̀nà díẹ̀. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 náà wà nínú ìwé òfin, kò sì sí ìpínlẹ̀ tí ó lè dá ọ̀kan kún un parí. Abala 8 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn agbègbè náà fọwọ́ sí i nínú ìdìbò, lẹ́yìn náà ni Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò tún ṣe tirẹ̀. Èkó dán an wò ní ọdún 2003 pẹ̀lú agbègbè ìdàgbàsókè 37. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé wọ́n rìn ní ọ̀nà òfin ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí láìsí ọwọ́ Àbújá; wọ́n sì tún sọ pé Ààrẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá owó àwọn káńsù Èkó dúró. Ní ọdún 2003 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀, tí Etsu Nupe, Alhaji Umaru Sanda Ndayako, ṣe alága fún. Yíyàn ni wọ́n yan àwọn náà.

Ṣùgbọ́n abala 7 fún òfin ìpínlẹ̀ ní agbára lórí ìgbékalẹ̀, ìṣètò, owó àti iṣẹ́ káńsù. Ọ̀nà tí mo rí nìyẹn. Iye wọ́ọ̀dù, ibi tí ọ́fíìsì wà, iye olùrànlọ́wọ́ tí alága lè gbà síṣẹ́, bóyá káńsù gbọ́dọ̀ ṣèpàdé nílùú kan tàbí kí ó máa yí ká: kò sí èyí tí ìgbìmọ̀ ará ìlú kò lè yẹ̀ wò láìdúró de Àbújá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ adelé tí àwọn gómìnà ń fi sípò kò bófin mu. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó dé ọwọ́ káńsù tí ará ìlú kò mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kan ló kúrò, ọwọ́ mìíràn ló bọ́ sí.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ Dasuki. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e yóò ní: bí ìwà kò bá yí padà, kí ni àtúntò fẹ́ ṣe? Èsì mi ni pé ìwà a máa tẹ̀ lé bí a bá ti to ilé. Káńsìlọ̀ tí ó mọ̀ pé nígbà tí ọdún 10 bá pé, àwọn olùkọ́, ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ tí ará ìlú yàn yóò jókòó ní gbọ̀ngàn, tí wọn óò sì fi èdè Yorùbá bi í bí wọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe rí, kò lè hùwà bí ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bi í. Mo sọ pé èdè Yorùbá, mo sì mọ̀ ọ́n sọ. Àbọ̀ tí a fi gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò kọ, àwọn agbẹjọ́rò ni yóò kà á.

Ewu tí ó wà nínú àbá mi ni pé àwọn olóṣèlú yóò fẹ́ fi àwọn ènìyàn wọn kún ìgbìmọ̀ náà. Wọn óò gbìyànjú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ìdìbò láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ìpàdé ní gbangba. Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni ọ̀rọ̀ owó: bí ó bá jẹ́ káńsù ni yóò san owó iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń yẹ káńsù wò, ó lè fi ebi pa á, bí ó bá sì jẹ́ ìpínlẹ̀, gómìnà ti tún gba ẹ̀yìn wọlé. Alága ètò, ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jókòó lápá ọ̀tún yín ti ṣiṣẹ́ akápò káńsù rí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.