Ayékòótọ́: Akọ̀ròyìn Tó Di Gómìnà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ọ̀fàdà)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mú wá: Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Ní 1950, ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Regent Street Polytechnic, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwa ọmọ Pólì ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ gbọ́? Láti 1954 sí 1962, òun ló ń kọ ojú ìwé “Ayékòótọ́” nínú Daily Service àti Daily Express. Odídẹrẹ́ ni ayékòótọ́: inú ilé olówó rẹ̀ ló ń gbé, síbẹ̀ ohun tó bá gbọ́ nínú ilé náà ló ń sọ. Ẹ sì tú orúkọ náà wò: ayé kọ òótọ́.

Ní 1979, wọ́n dìbò yàn án ní gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Yunifásítì tó dá sílẹ̀ ní 1982, tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é láti 2001. Ṣùgbọ́n kí n má fi ìyìn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun náà di aláṣẹ tí àwọn mìíràn ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìjà òun àti Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà le gan-an. Nígbà tí ológun gbàjọba ní ìparí 1983, wọ́n tì í mọ́lé, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wọn sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 22 fún un. Wọ́n tú u sílẹ̀ kó tó kú ní 1990.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tó ń se ìrẹsì Ọ̀fàdà mọ̀ pé bí a kò bá ṣa òkúta inú rẹ̀ kó tó dé orí iná, eyín àlejò ni yóò bá a pàdé. Ìkíni, àwòrán àti orúkọ àwọn tó dáwó ló kún inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ́ pé òrùlé kíláàsì ṣì ń jò, pé owó tí a dá kò tíì di páànù? Ẹ jẹ́ kí a ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún òótọ́: iye tó wọlé, iye tó jáde, iṣẹ́ tó kù. Kí ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ sí i, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn sì ní àyè láti fèsì.

Akápò wa, ẹ má bínú sí mi o.