Tún Ìlà Fà, Fi Àpótí Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń lo Simulink, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní ọdún àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán tó ń darí eré mọ́tò iná. Àpótí kan ń sọ iye eré tí a fẹ́, èkejì ń darí, ẹ̀kẹta ni mọ́tò fúnra rẹ̀. Ìlà kan á wá padà sẹ́yìn láti ibi mọ́tò, kí a lè yọ eré tó ń sá gan-an kúrò nínú èyí tí a fẹ́. Bí àmì àyọkúrò ibẹ̀ bá di àmì àròpọ̀, eré á kàn máa gorí eré ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìlà bá lọ́ mọ́ra wọn bíi wáyà orí òpó iná àdúgbò, ta ni yóò rí i?

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré lo Simulink.BlockDiagram.arrangeSystem. Ó ń tún ìlà ṣe lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣí àpótí nípò pẹ̀lú. Èmi kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ibi tí a gbé àpótí sí ń sọ̀rọ̀: ohun tó ń wọlé wà lápá òsì, ohun tó ń jáde wà lápá ọ̀tún. Ìlà nìkan ni kí ẹ tún fà.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà àwòrán yín ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, kí ẹ kọ èyí sínú MATLAB:

ila = find_system(gcs,'SearchDepth',1,'FindAll','on','Type','line');
Simulink.BlockDiagram.routeLine(ila)

Ìlà àkọ́kọ́ ń kó gbogbo ìlà ojú àwòrán yẹn jọ. Èkejì ń wá ọ̀nà mìíràn fún wọn. Nọ́ńbà 1 yẹn ni kò jẹ́ kó wọnú àwọn àpótí tó ní àwòrán nínú.

Ẹ rántí o, ojú àwòrán nìkan ló yí padà, ìṣirò rẹ̀ kò yí. Ìlà pupa tó já wẹ́lẹwẹ̀lẹ ṣì wà láìso mọ́ nǹkan kan. Ìlà méjì tó kọjá lórí ara wọn láìsí tóótó dúdú níbẹ̀ kò so pọ̀. Bí àpótí bá sì fún jù, ẹ fi ọwọ́ yín fà wọ́n jìnnà síra, kí ìlà lè ráyè.

Nígbà tí ojú bá ti mọ́ báyìí, ẹ fi ìka tọ ìlà tó ń padà sẹ́yìn yẹn títí dé ibi àyọkúrò, kí ẹ wo àmì rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ó dìgbà kan ná o.