Alágbára Má Mèrò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀yìn Ríro àti Irin Gbígbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìlera ni oògùn ọrọ̀." Kò sí ẹ̀yà ara tí ó ń fi òtítọ́ òwe yìí han ènìyàn tó ẹ̀yìn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, ìdìde di ìṣòro fún un, ìjókòó di ìṣòro, bẹ́ẹ̀ ni oorun kì í gbádùn mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, iye ènìyàn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 619, àti pé kò sí àìlera mìíràn tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ tó o. Ọ̀nà púpọ̀ ni ẹ̀yìn ríro ń gbà wá. Èyí tí ètò alẹ́ òní fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí ó ń ti ara gbígbé ohun wíwúwo wá, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi irin gbígbé ṣe eré ìdárayá.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì pe orúkọ rẹ̀ ní Àkànní. Ní ẹ̀yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà méjì, wọ́n sì ti fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Àkànní kò gbé irin rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, ìtìjú kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó fúyẹ́. Ó dúró jìnnà sí irin náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì fi ẹ̀yìn náà fà á bí ẹni tí ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Ó gbé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Irú èyí ni Yorùbá rí tí wọ́n fi ń sọ pé, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ."

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni ó gbà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ó wá àgbo tí a fi ọtí rẹ mu. Ẹnì kejì ní kí ó sùn gbalaja fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má mira. Ẹnì kẹta ní kí ó má fọwọ́ kan irin mọ́ títí ayé. Kò sí èyí tí ó bá ọ̀ràn náà mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn ti rí.

Eegun kéékèèké tí a tò lé ara wọn ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Márùn-ún tí ó wà ní ìsàlẹ̀, lókè ìbàdí, tóbi ju àwọn ti òkè lọ, nítorí pé orí wọn ni ìwúwo ara láti òkè wá ń sọ̀ sí. Láàrin eegun kan àti èkejì, ohun kan wà tí ó dà bí tìmùtìmù: ara rẹ̀ yi, ó sì le, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Àwọn iṣan ńláńlá ni ó sì di gbogbo rẹ̀ mú, gẹ́gẹ́ bí okùn ti ń di òpó àgọ́ mú. Nígbà tí ènìyàn bá na ọwọ́ jìnnà láti gbé ẹrù, àwọn iṣan yìí ní láti fi agbára tí ó ju ìwúwo ẹrù náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀ fà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kí ó gbá garawa omi mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ó na garawa kan náà síwájú. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sọ fún un pé nǹkan ti yí padà.

Àwọn onímọ̀ ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì ti wọn ohun tí à ń wí yìí. Ní ọdún 1999 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n ki ohun èlò tín-ín-rín kan bọ inú ọ̀kan nínú àwọn tìmùtìmù ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n sì ń ka agbára tí ó ń fún un pọ̀. Bí a bá pe ti ìgbà tí ó nàró lásán ní 5, ti ìgbà tí ó dojúbolẹ̀ sùn jẹ́ 1. Nígbà tí ó tẹ ẹ̀yìn gbé ẹrù kílò 20, ó di 23. Nígbà tí ó tẹ orúnkún gbé ẹrù kan náà, ó di 17. Nígbà tí ó sì gbá a mọ́ra, ó wálẹ̀ sí 11. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n, nítorí náà kò yẹ kí a sọ iye wọ̀nyí di òfin fún gbogbo ara. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n tọ́ka sí hàn gbangba.

Báwo, nígbà náà, ni ó ṣe yẹ kí Àkànní gbé irin rẹ̀? Èkíní, kí ó súnmọ́ ọn, kí ọ̀pá irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ sí ara wọn ní ìwọ̀n ìbàdí. Èkejì, kí ó tẹ orúnkún, kí ó ti ìdí sẹ́yìn, kí ó yọ àyà síwájú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà bí ó ti ń wà nígbà tí ó bá nàró. Ẹ̀kẹta, kí ó fa èémí sínú, kí ó sì mú ikùn le bí ẹni tí a fẹ́ gbá ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ìdí àti èjìká jọ gòkè. Bí ìdí bá ṣáájú èjìká, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ tún padà bọ́ sí lọ́rùn. Ẹ̀karùn-ún, kí irin má jìnnà sí ara títí yóò fi nàró, kí ó má sì lọ́ ìbàdí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ó ti gbé e náà ni kí ó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Iṣẹ́ itan kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn.

Títí di Ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1972 ní ìlú Munich, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbé irin níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni kí a gbé irin dé èjìká, kí a sì fi ọwọ́ tì í lọ sókè láìtẹ orúnkún. Bí irin ti ń wúwo sí i ni àwọn eléré ń fara sẹ́yìn sí i, tí ẹ̀yìn wọn ń ká, títí tí àwọn onídàájọ́ kò fi mọ èyí tí wọn ì bá gbà wọlé mọ́. Lẹ́yìn ìdíje náà ni wọ́n mú un kúrò. Nínú ọ̀nà méjì tí ó kù, ẹsẹ̀ àti ìdí ni olórí agbára. Àwọn ni Ruth Ogbeifo fi gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Sydney ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ gbé irin ní Òlíḿpíìkì. Àwọn náà ni Adijat Ọlárìnóyè àti Rafiatu Lawal fi gba wúrà ní Ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní ọdún 2022. Irin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀yìn.

Síbẹ̀, ìdúró nìkan kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2011, àwọn tí wọ́n ṣe àkójọ ìwádìí nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ẹrù rí i pé kíkọ́ wọn ní bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ gbé e kò tó láti lé ẹ̀yìn ríro lọ. Ìwọ̀n ẹrù àti iye ìgbà tí a ń gbé e wà níbẹ̀. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ fi kílò 23 ṣe òpin ní ọdún 1991, nígbà tí ohun gbogbo bá tilẹ̀ rọrùn. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan ní Nàìjíríà. Ẹni tí ń gbé ogún irú rẹ̀ lóòjọ́, ẹnì kejì tàbí ọmọlanke ni ó nílò ju ẹ̀kọ́ ìdúró lọ. Ní ti eléré, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí ó fi ọ̀pá lásán kọ́ ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀rọ̀ bù kún un, kí ó sì fi ọjọ́ ìsinmi sáàrin.

Bí ẹ̀yìn bá ti wá ro ńkọ́? Ìrora tí ó bá yọjú ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí iṣan ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì bá ń ro wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan tí iṣẹ́ kò mọ́ lára. Kì í pẹ́ lọ. Èyí tí ó bá mú ènìyàn lójijì lẹ́nu gbígbé gan-an lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ náà ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tí ẹ̀yìn ń ro sí ọ̀nà mẹ́ta. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé àwọn tí ń bá ìrìn àti iṣẹ́ wọn lọ níwọ̀n bí ara ti gbà á ni ara wọn tètè yá ju àwọn tí a ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì lọ. Nítorí náà, kí Àkànní gbé irin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó máa rìn, kí ó sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jó o. Ní ti àgbo ọlọ́tí, ọtí lè pa ìrora fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìrora mọ́ a tún padà lọ gbé ẹrù tí ó ṣe é léṣe.

Àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, bí abẹ́ àti àárín itan kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé onítọ̀hún lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ibà, rírù láìnídìí, tàbí ìṣubú láti ibi gíga bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá di olùkọ́ ni èyí tí ó kù wà. Ẹ̀yin ni ẹ ń rán àwọn ọmọ láti gbé tábìlì láti yàrá kan sí èkejì, àti láti pọn omi. Kí ẹ tó rán wọn, ẹ wo ìwọ̀n ẹrù àti ìwọ̀n ọmọ. Ẹ jẹ́ kí méjì gbé ohun tí ó ju ọ̀kan lọ. Bí Àkànní bá padà sí ẹ̀yìn ilé náà, tí ó mú ọ̀pá lásán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, kí ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ó ní, òun ni yóò sì fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún tí ó ń bọ̀.