Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Sùn Lọ́nà Àjò

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ níbi àpèjọ ọdún

 Ẹ kú ewu ọ̀nà. Kíkí tí mo kí yín kú ewu ọ̀nà yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Àwọn kan nínú wa ti Èkó wá, àwọn kan ti Àbújá wá, àwọn mìíràn sì wọ bààlúù láti ìlú òyìnbó kí wọ́n tó débí. Ọ̀rọ̀ ewu ọ̀nà náà gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti adigunjalè tàbí ti kòtò ojú títì. Ewu tó wà nínú ìjókòó ni.

Nígbà tí a wà ní sikúù, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wá kí á tó sáré. Agogo á lù, tíṣà á dúró níwájú, gbogbo wa á sì máa fò sókè sódò lórí pápá. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ ṣeun. A ò mọ̀ nígbà náà pé oore lẹ ń ṣe wá. Lónìí, irun ti funfun, ọmọ wa ti bímọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Àjò wá ń pọ̀ sí i lásìkò tí ara ń fẹ́ àmójútó jù lọ. Láàárọ̀ yìí la ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti lọ. N ò fẹ́ kí á fi orúkọ ẹnikẹ́ni kún un nítorí ohun tí ìṣísẹ̀ díẹ̀ ì bá ti dènà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó pẹ́? Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ náà tó padà gòkè, ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Gbogbo ìgbà tí a bá gbésẹ̀, ẹran yìí á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á sì ti ẹ̀jẹ̀ sókè, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń ti atẹ́gùn sínú iná. Bí ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá sùn lọ, ẹwìrì dákẹ́ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́, ẹsẹ̀ á wú. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan. Bí èyí tó dì náà bá já, tó sì rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn lójijì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n ní bí ìrìn àjò bá tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì á di bí ìlọ́po 2 ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín o: nínú nǹkan bí 6,000 èèyàn tó jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni 1 ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni kan náà? Kì í sì í ṣe bààlúù nìkan. Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò ara ẹni wà níbẹ̀. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí 6 àtààbọ̀ ni nínú bààlúù. Èkó sí Àbújá nínú mọ́tò lè ju wákàtí 10 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ní 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dẹ́rẹ́bà jókòó sídìí ọkọ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gbowó. Mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà, síbẹ̀ àìsàn ọkàn ń mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá wọkọ̀, ẹ fìwà jọ kọ́ńdọ́kítọ̀.

Ó yá, kí la ó ṣe? Ẹ ò ní ra nǹkan kan.

Èkínní, lórí ìjókòó. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá gbé ọmọ ìka sókè. Ẹ ṣe é nígbà 20. Ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀ po nígbà 10 sọ́tùn-ún, 10 sósì. Ẹ gbé orúnkún kan sókè díẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ gbé èkejì. Ẹ yí èjìká sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹ máa ṣe é ní wákàtí wákàtí. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ń wò yín, ẹ kọ́ òun náà.

Èkejì, ẹ dìde. Nínú bààlúù, bí wọ́n bá ti ní kí ẹ lè tú bẹ́líìtì, ẹ rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìjókòó. Lójú títì, bí dẹ́rẹ́bà bá yà rapo tàbí tí wọ́n dúró jẹun, ẹ má jókòó sínú mọ́tò. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5 ná kí ẹ tó jókòó ti àmàlà. Ẹ má sì gbà kí wọ́n kó ẹrù dí yín lẹ́sẹ̀: àpò gàrí tó wà níwájú yín ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí ibi nà sí.

Ẹ̀kẹta, omi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa, àwọn obìnrin pàápàá, kì í fẹ́ mumi lọ́nà nítorí ibi tí a ó ti tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó bá mú yín dìde, oore ló ṣe yín. Ọtí àti oògùn oorun ló ń so èèyàn mọ́ ìjókòó. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá gúnlẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà ti ń kọsẹ̀. Òtútù á sé wọn mọ́lé fún oṣù 3. Látorí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, látorí àga sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìlànà tí WHO gbé jáde ní 2020 sọ pé kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá bíi rírìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 nìyẹn, ẹ sì lè pín in sáàárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kó fi eré tí í jẹ́ kí ara dúró gírí kún un lọ́jọ́ 3 lọ́sẹ̀. Bí yìnyín bá wà níta, ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lórí àga nígbà 10 láìfọwọ́ tì í. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì ti ara yín padà. Ẹ di etí tábìlì mú, kí ẹ fẹsẹ̀ kan dúró títí ẹ ó fi ka 10. Ọmọ-ọmọ yín á bá yín ṣe é, á sì máa rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìkìlọ̀ ṣì kù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, àti aláboyún, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú báàgì ọwọ́ ni kó fi í sí. Bí àyà bá fún yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nídìí eré yìí, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn àjò, kódà bó ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó ń dunni, tó sì gbóná, ẹ má fi àbóníkì ra á, ẹ má sì sọ pé ayé ló fi nǹkan sí i lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Bí èémí bá ń gé lójijì, tàbí tí èèyàn ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n máa gbé e sáré lọ ni.

Bó ti wù kí àjò dùn tó, onílé á relé. Lọ́la, oníkálùkù wa á wọkọ̀ padà. Kí á tó túká, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dìde báyìí, kí àwọn àgbà di àga mú, kí á jọ gbé gìgísẹ̀ nígbà 20. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nílé, ẹ̀yin náà, ẹ dìde. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí a fi wá sí àpèjọ yìí gbé wa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.